Ta ló máa jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ gbalasa inú ìtàn yín, ènìyàn àbí AI? Bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá, láti Àjàṣẹ́ dé Sákétẹ́, Pọbẹ̀, Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ìbéèrè kan wà tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ti ní ọkọ̀ gbalasa, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn kọjá ojú sánmà, ẹ ti fún un lórúkọ, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ó wá ku ẹni tó máa dúró níwájú tó máa pàṣẹ. Ṣé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àbí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ronú fúnra ẹ̀? Àwọn kan ń fi AI síbẹ̀ torí pé ó jọ nǹkan ìgbàlódé, àwọn kan ń fi ènìyàn síbẹ̀ torí pé wọn ò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀rọ̀, ìdí méjèèjì ò sì tó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kan ni pé kẹ́ ẹ wá ìpinnu tó le jù nínú ìtàn náà, kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé ta ni ìpinnu yẹn máa dùn jù. Ẹni yẹn ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá. Tó bá wá jẹ́ pé AI lẹ fẹ́ ṣáá, a jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun tó máa dun AI náà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà ná. Ibi tí ọkọ̀ bá wà ló máa sọ bóyá ẹni tó wà nínú ẹ̀ tiẹ̀ nílò láti dá ìpinnu ṣe. Rédíò àti ìmọ́lẹ̀ jọ ń sáré kan náà ni, nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ohun tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ayé dé òṣùpá, ọ̀rọ̀ ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ díẹ̀. Láti ayé dé Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì aládùúgbò wa, ìṣẹ́jú 3 ni tí àwọn méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn, ó lè tó 22 tí wọ́n bá jìnnà, àlọ nìkan nìyẹn o, ẹ ò tíì ka àbọ̀. Láti ayé dé Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà ju Máàsì lọ, ó ń gba ìṣẹ́jú 33 sí 53. Nítorí náà tí ìtàn yín ò bá kọjá òṣùpá, ọ̀gá gidi wà nílẹ̀, iṣẹ́ ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń jẹ́, ẹ má pa ara yín lórí ẹ̀. Tó bá ti di Máàsì sókè, kò sẹ́ni tó lè ti ilé gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹ̀rọ Curiosity tí Amẹ́ríkà rán, tó gúnlẹ̀ sí Máàsì ní oṣù kẹjọ 2012. Ìṣẹ́jú 7 ló fi gba inú afẹ́fẹ́ Máàsì kọjá títí tó fi balẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 kó tó dé ayé. Ìgbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ fi gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó ti wà lórí ilẹ̀ Máàsì láti bí ìṣẹ́jú 7 sẹ́yìn, bóyá ó wà ní odidi, bóyá ó ti fọ́, wọn ò mọ̀, wọ́n kàn jókòó tì í ni. Kò sí ènìyàn tó tukọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ṣe gbogbo ẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Torí náà ẹ má kọ ọ́ bíi pé àrà tuntun ni kí ẹ̀rọ máa tukọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni ìjà yẹn ti wà. Nígbà tí Yuri Gagarin ti ilẹ̀ Soviet, Rọ́ṣíà àtijọ́, lọ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1961, òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó dé gbalasa, ìṣẹ́jú 108 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ti ti ohun ìtukọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó gbéra. Wọn ò mọ̀ bóyá orí ènìyàn á dàrú níbi tí ara ò ti wúwo mọ́, ni wọ́n bá kọ nọ́ńbà tó máa ṣí i sínú àpòòwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ní tí wàhálà bá dé kó ya á. Ẹ rò ó wò ná, kí ọ̀gá ọkọ̀ tó lè tu ọkọ̀ ara ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé orí òun pé. Odidi ìtàn kan wà nínú àpòòwé yẹn. Ẹ lè yí i padà kó jẹ́ AI ni wọ́n ti nǹkan mọ́ lọ́wọ́, kó wá jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 19 kan tó ń dáná fún wọn nínú ọkọ̀ ló ń tọ́jú nọ́ńbà náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ní oṣù kẹta 1965, ẹ̀rọ tó yẹ kó mú ọkọ̀ Soviet kan, Voskhod 2, balẹ̀ kọṣẹ́, Pavel Belyayev fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú un wálẹ̀, òun àti Alexei Leonov bọ́ sínú igbó oníyìnyín tó jìnnà síbi tí wọ́n ti ń retí wọn, inú igbó yẹn náà ni wọ́n sùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 1969, kọ̀ǹpútà tó ń mú Neil Armstrong lọ sórí òṣùpá ń ké pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun, ó tún ń gbé wọn lọ síbi tí òkúta ńláńlá kún, Armstrong bá gbà á, ó wá ibi tó tẹ́jú gúnlẹ̀ sí. Àwọn tó fẹ́ràn ènìyàn á ní ẹ ò rí i. Ó dáa, ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 1988, ọkọ̀ Buran ti Soviet yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹ̀dá alààyè kankan nínú ẹ̀, ó sì padà wá gúnlẹ̀ sójú ọ̀nà ẹ̀ gan-an nínú atẹ́gùn líle. Kò sí ẹni tó lè fi ìtàn gidi sọ pé ọ̀kan dáa ju èkejì lọ, ẹ̀yin lẹ máa yàn.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ni AI tí kì í ṣàṣìṣe, tàbí AI tó kàn ṣàdédé ya ìkà ní ojú ìwé 50. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣàṣìṣe, àmọ́ àṣìṣe ẹ̀ ò jọ tènìyàn rárá, ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Ní oṣù kẹwàá 2016, ẹ̀rọ Schiaparelli tí àwọn ará Yúróòpù rán ń sọ̀kalẹ̀ sí Máàsì, ohun èlò kan nínú ẹ̀ fún un ní ìròyìn tí kò tọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ó ṣírò, ìṣírò sọ fún un pé ó ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó gbà. Ó já páráṣúùtì sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lókè tó ju kìlómítà 3 lọ, ó já wálẹ̀, ó fọ́. Ènìyàn á ti yọjú lójú fèrèsé, á ní irú ìsọkúsọ wo nìyí. Ní oṣù karùn-ún 1999 náà, NASA, àjọ gbalasa ti Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ Deep Space 1 lé AI kan lọ́wọ́, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un, òun ló ń pète bó ṣe máa ṣe é. Ó dé àárín iṣẹ́, apá méjì nínú ẹ̀ ń dúró de ara wọn, kò sí èyí tó kọ́kọ́ ṣí, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó pa kò pa á, àfìgbà tí àwọn tó wà nílẹ̀ dá a dúró. Wọ́n tún gbé iṣẹ́ fún un lẹ́yìn ẹ̀, ó sì parí ẹ̀ dáadáa. Irú AI báyìí lẹ máa kọ, èyí tó gba ìṣírò gbọ́ ju ojú lọ, tàbí èyí tí inú ẹ̀ ń dúró de inú ẹ̀. Ìyẹn bani lẹ́rù ju ìkà lọ.

Tènìyàn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń sunkún ilé, oorun ń dà á láàmú, ó ń bínú ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ti ọkùnrin 6 mọ́lé ní Moscow fún ọjọ́ 520 láti 2010 sí 2011 bíi pé wọ́n ń lọ sí Máàsì, oorun àwọn kan nínú wọn dàrú kó tó parí. Valeri Polyakov, ará Rọ́ṣíà, sì lo ọjọ́ 437 ní gbalasa gan-an láìsọ̀kalẹ̀ láàárín 1994 sí 1995, ó sì padà wálé pẹ̀lú orí pípé. Ènìyàn yàtọ̀ sí ènìyàn ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò láti Àjàṣẹ́ lọ sí Aguégués, tó bá ní ká jókòó jẹ́ẹ́ a máa jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kékeré, torí tí omi bá wọ ọkọ̀, òun náà wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣẹ ẹ̀ ti ń wá. Ẹ fi èyí wo ọ̀gá ọkọ̀ gbalasa yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kan dán an wò. Ọkọ̀ ìṣòwò kan wà, ká pè é ní Ìdènà, bí orúkọ ẹnubodè àtijọ́ tó wà ní Kétu. Ènìyàn 6 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀bá Júpítà, ó ku ọjọ́ 27 kí wọ́n dé èbúté. Wọ́n gbọ́ igbe ọkọ̀ mìíràn tó ti bàjẹ́, ènìyàn 4 ló kù síbẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ yẹn sì ni ọkùnrin tó kó owó ìyá tó ni Ìdènà sá lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ènìyàn kan ń mí ọ́síjìn tó tó kílò 0.84 lóòjọ́, nọ́ńbà gidi nìyẹn, òun ni NASA ń fi ṣírò. Ká ní kílò 202 ló wà nínú Ìdènà. Fún ènìyàn 6, ó tó ọjọ́ 40. Tí wọ́n bá di 10, ọjọ́ 24 ni. Ọjọ́ 3 wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan tí wọ́n máa mí. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ bi ayé léèrè, ìdáhùn á lé ní wákàtí kan kó tó dé, àwọn tó ń ké ò sì ní wákàtí kan.

Ẹ fi ènìyàn ṣe é ná. Ìyá tó ni ọkọ̀ ni ọ̀gá. Akọ̀wé ẹ̀ wọlé:

"Ìyá, ọkùnrin yẹn náà ni o."

"Mo ti rí i."

"Ṣé ká máa lọ?"

Kò dáhùn. Ó ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ibi tí ọ̀dà ti bó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ lọ gbé wọn. Ẹ pa ẹ̀rọ eré ìdárayá, ẹ pa iṣẹ́ gbogbo, kí kálukú lọ dùbúlẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀."

Ìṣírò gbà á, torí ẹni tó sinmi kì í mí tó ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí kálukú bá lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí kílò 0.74 lóòjọ́, wọ́n á débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń gbé ojú ìwé yẹn ró, pé ó ní òun ni òun máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, àti pé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó máa dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ 27, tí wọ́n á jọ máa mí afẹ́fẹ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn nípa gbèsè àti ìdáríjì, ẹ má wulẹ̀ wá AI lọ, Ìyá ni ọ̀gá yín.

Ẹ wá fi AI síbẹ̀. Kò ní ìbínú kankan, kí igbe náà tó parí ó ti ṣírò, ó ti yí ọkọ̀ padà, wọ́n ti ń lọ gbé wọn. Gbogbo ohun tó dùn nínú ti Ìyá ti lọ. Ó wá sọ pé kí kálukú lọ dùbúlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọkọ̀ bá gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ tí o kì í mí, ìwọ lò ń sọ fún mi pé kí n mí díẹ̀?"

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn AI ti ń kú, torí pé òǹkọ̀wé ò rí nǹkan fi dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lóhùn. Ẹ má fo ìbéèrè náà. Ẹ wá ìdáhùn sí i nínú ẹ̀rọ gan-an. Lórí ISS, ibùdó tí àwọn ènìyàn ń gbé ní gbalasa, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ya ọ́síjìn kúrò lára omi. Ọ́síjìn tó kù wọ́n kù ò ju kílò 25 lọ, omi tó máa mú un wá jẹ́ nǹkan bíi lítà 28, Ìdènà sì ní omi. Iná ni kò tó. Iná wo ló wá wà tí wọ́n lè yọ? Iná tí AI fi ń ronú ni. Kó pa apá kan nínú ọpọlọ ara ẹ̀ kí ènìyàn 10 lè mí, kó má sì dá a lójú pé ohun tó wà ní apá yẹn máa padà tí wọ́n bá tan án. Ó ní láti tọ́jú ìmọ̀ ojú ọ̀nà, torí láìsí ìyẹn wọ́n á ṣìnà. Ohun tó máa lọ ni ọdún 8 tó ti lò pẹ̀lú wọn, ohùn wọn, àlá tí wọ́n máa ń rọ́ fún un láàárọ̀, orin tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn máa ń kọ tó bá ń fọ abọ́. Ó wá bi í pé, "Èwo ni kí n kọ́kọ́ pa nínú wọn?" Ọ̀gá ti dé nìyẹn. Nínú ti Ìyá, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà ò dun ẹnikẹ́ni, ohun tó jẹ́ bọ́tìnnì lásán níbẹ̀ ti di ọkàn ìtàn níbí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà, àwa sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣé "ẹ" ni wọ́n máa pe AI yẹn àbí "o"? Ṣé wọ́n máa kí i ní àárọ̀? Ẹ ò lè kọ gbólóhùn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan lédè wa kẹ́ ẹ má kọ́kọ́ yanjú ìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹ pinnu ẹ̀. Lójú tèmi, AI tó dáa á máa pe àgbà ní "ẹ" bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀gá. Tó bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹni ọgọ́ta ọdún, kó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." Àṣẹ ni, kò sí àyè àríyànjiyàn nínú ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kàn fi bò ó, bí ọ̀gá tó bá kéré lọ́jọ́ orí ṣe ń ṣe ní ibi iṣẹ́ gbogbo nílùú wa. Lọ́jọ́ tí iná bá jó, kó wá ní, "Bàbá, jáde!" Òǹkàwé Yorùbá á mọ bí nǹkan ṣe le tó láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé iná. Àwọn èrò ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra. Kí ẹnì kan máa pè é ní "ẹ̀rọ yìí", kí ọmọdé kan máa pè é ní "ẹ̀gbọ́n", ẹni tó bá yí padà láti ọ̀kan sí èkejì láàárín ìtàn, ẹ ti fi hàn wá bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lọ.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó fi ọ̀gá jẹ, àti ẹni tó lè yọ ọ́. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ló wà, oyè Alákétu ń yí kiri láàárín wọn, ẹnikẹ́ni ò kàn lè dìde ní òun lágbára jù kó sì gorí àga. Ta ló yan AI yín? Ilé iṣẹ́ tó tà á ni, àbí àwọn èrò ọkọ̀ ló jókòó sọ ọ́? Ọ̀nà kan tó wù mí ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí AI jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn ọkọ̀ space shuttle tí Amẹ́ríkà lò títí di 2011 ní kọ̀ǹpútà 5 nígbà náà, mẹ́rin ń ṣe iṣẹ́ kan náà wọ́n ń wo ara wọn, èyí tí ìdáhùn ẹ̀ bá yàtọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ó ti ṣìnà, ìkarùn-ún ní ètò ọ̀tọ̀ pátápátá nínú kó lè gba iṣẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ṣìnà pọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè nìyẹn nínú ẹ̀rọ, ẹ kọ ìjà inú ẹ̀. Ẹ sì rántí òfin: àdéhùn gbalasa ti 1967 sọ pé orílẹ̀-èdè ló máa dáhùn fún ohun tí àwọn èèyàn ẹ̀ bá ṣe lókè, ẹ̀rọ kì í jẹ́jọ́. Tí AI yín bá pa ènìyàn, ẹ mọ ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ ọ àti ẹni tó máa dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́.

Tó bá jẹ́ ìrìn àjò tó gùn rékọjá ẹ̀mí ènìyàn ni, ìpinnu yẹn ò le. Ẹ̀rọ Voyager 1 ti Amẹ́ríkà gbéra ní 1977, ó ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù jìnnà ní ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24, ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan. Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ síbẹ̀, ó máa tó nǹkan bí 75,000 ọdún kó tó dé. Tí ọkọ̀ yín bá lọ́ra bẹ́ẹ̀, tàbí tó tiẹ̀ yára jù ú lọ ní ìlọ́po 100, ènìyàn ò lè jẹ́ ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ máa nílò ìran mélòó kan, tàbí AI tó mọ ìyá ìyá wọn. Ṣùgbọ́n kí AI yẹn máa gbó o. Ìtànṣán tó ń bọ̀ láti òkèèrè gbalasa máa ń yí nǹkan padà nínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan níbí ẹyọ kan lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó máa gbàgbé orúkọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ kọ ojú ìwé ìpinnu yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ènìyàn, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú AI, ẹ má kọ nǹkan mìíràn títí ẹ ó fi parí méjèèjì. Ẹ kà á sókè fún ẹnì kan tí kì í ka irú ìtàn yìí, ìyá yín, tàbí ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò. Ẹ má bi í pé èwo ló dùn jù, torí á sọ ohun tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi í pé, "Ta lẹ bínú sí?" Ẹ̀dà tí olùgbọ́ yín bá ti dárúkọ ẹnì kan láìronú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín.